Ẹ BÈÈRÈ, Ẹ GBỌ́: Bàbá tó ní òun ò fara mọ́ ọn tán, tó tún ní kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i

Ọ̀rọ̀ ìwé òfin ló gba àpótí lẹ́tà wa lóṣù yìí, mi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo mú díẹ̀ nínú wọn, àwọn tó kù ẹ fara balẹ̀, ó máa kàn yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Kíláàsì àṣekágbá ni mo wà ní lísè (ilé ẹ̀kọ́ girama) níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo). Pròfẹ́sọ̀ tó ń kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún wa ní ọ̀rọ̀ tí Benjamin Franklin sọ ní 1787 nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ní ká ṣàlàyé ọgbọ́n tó fi fa àwọn èèyàn mọ́ra. Ohun tí ò yé mi ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ pé òun ò fara mọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà. Ṣé ẹni tó fẹ́ tajà ló máa ń bú ọjà ara ẹ̀ ni? Lójú tèmi ó ba ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ jẹ́, àmọ́ pròfẹ́sọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an. — Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pròfẹ́sọ̀ rẹ ò purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Ìwọ náà ò sì ṣì í bi, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọgbọ́n ẹ̀ wà.

Kọ́kọ́ wo ibi tí bàbá yẹn ti ń sọ̀rọ̀. Ìlú Philadelphia ni, ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án 1787. Láti oṣù karùn-ún ni wọ́n ti wà nínú ilé yẹn, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, wọn ò jẹ́ kí ará ìta gbọ́ nǹkan kan, wọ́n jà, wọ́n parí ẹ̀, wọ́n tún jà. Aṣojú ìpínlẹ̀ 55 ló wá síbẹ̀ lápapọ̀ àmọ́ àwọn kan ti bínú lọ sílé, ìpínlẹ̀ Rhode Island ò tiẹ̀ rán ẹnikẹ́ni wá rárá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí i, àwọn kan sì ti ń sọ ọ́ pé àwọn ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Franklin ti pé ẹni ọdún 81, ara ẹ̀ ò gbé e mọ́, ló bá kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sínú ìwé, James Wilson tí wọ́n jọ wá láti Pennsylvania ló bá a kà á.

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé: ó ní òun gbà pé àwọn ibì kan wà nínú ìwé òfin yìí tí òun ò fara mọ́ lọ́wọ́ tá a wà yìí, àmọ́ kò dá òun lójú pé òun ò ní fara mọ́ ọn láéláé.

Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn ìwé yẹn o, àwọn yẹn ti mú kálámù dání. Àwọn tó ní ẹ̀hónú ló ń bá wí, olúkúlùkù ló sì ní tiẹ̀, ẹni tí ìpínlẹ̀ ẹ̀ kéré ń bẹ̀rù pé àwọn ńlá á jẹ òun mọ́lẹ̀, ẹni tí ìpínlẹ̀ ẹ̀ tóbi ní ohùn tòun ò pọ̀ tó, ẹlòmíì ní wọn ò kọ ẹ̀tọ́ aráàlú síbẹ̀. Tí Franklin bá dìde tó ní ìwé yìí dáa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo wọn á kàn jókòó máa wá ibi tí kò dáa tí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ó gba ìjà yẹn lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní èmi náà rí àléébù, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Lọ sí Wàńdó lọ́jọ́ ọjà kó o wo ìyá tó ń ta aṣọ àlòkù, kó tó di pé o yẹ aṣọ náà wò, òun fúnra ẹ̀ á ti fìka han ibi tó ya lábẹ́ apá, á ní "wò ó, ibí nìkan ló ní o, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni", ìwọ náà á ti gbàgbọ́ pé olóòótọ́ ni, o ò sì ní rántí yí ẹ̀yìn aṣọ wò mọ́.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àléébù nìkan ló sọ, ì bá ti jókòó tì í. Ibi tó yí i sí ni kó o kọ sínú iṣẹ́ rẹ. Ó ní òun ti pẹ́ láyé, ó sì ti ṣe òun léraléra, ohun tóun gbà tẹ́lẹ̀ pé ó tọ́, nígbà tóun túbọ̀ gbọ́ sí i tàbí tóun rò ó dáadáa, òun á yí ọkàn padà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bóun ṣe ń dàgbà sí i ni òun ń ṣiyèméjì sí ìdájọ́ ara òun, tóun sì ń bọlá fún ti ẹlòmíì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ọmọdé ilé wa gan-an mọ̀ ọ́n, kò sí tuntun ńbẹ̀. Àmọ́ wo ẹni tó ń sọ ọ́! Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí mànàmáná, tó ti ṣojú Amẹ́ríkà ní Paris, tó dàgbà ju gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn lọ. Ká ní ọmọ ọdún 30 ló ní òun lè ṣàṣìṣe, kí ló kàn wọ́n? Àgbà ló sọ pé òun lè ṣàṣìṣe, èwo nínú àwọn tó kù ló wá fẹ́ nàró kó ní òun ò lè ṣe é?

Ó wá dá wọn lẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kan tó kọ̀wé sí Póòpù pé ìyàtọ̀ ìjọ méjèèjì ò ju báyìí lọ, pé ìjọ Róòmù ò lè ṣàṣìṣe, ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ò sì ṣàṣìṣe rí. Ó tún mú ti ìyáàfin Faransé kan tó ń bá arábìnrin ẹ̀ jiyàn, tó ní mi ò mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ o, àmọ́ mi ò tíì bá ẹnì kan pàdé tó máa ń jàre nígbà gbogbo àfi èmi nìkan. Ẹ̀yin ará Kétu tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀fẹ̀ tó jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kó tó kan ẹnikẹ́ni lábùkù á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, á wá fi ẹ̀rín wọlé, ẹni tó ń bá wí gan-an á máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwùjọ títí tó fi máa já sí i pé òun ni. Nínú yàrá Philadelphia yẹn, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Washington tó jẹ́ alága ìjókòó ló kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tó ń bá wí kàn ń gbọ́ ọ létí ni, kò sẹ́ni tó lè ní ó dójú ti òun níwájú èèyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá mú ọ̀rọ̀ ọ̀tá wọlé. Ó ní ẹnu ya òun pé ìwé yìí tiẹ̀ sún mọ́ pípé tó báyìí, ó sì máa ya àwọn ọ̀tá wa lẹ́nu pẹ̀lú, torí wọ́n ń retí kí wọ́n gbọ́ pé ìmọ̀ràn wa ti dàrú bíi tàwọn tó kọ́ ilé Bábélì. Torí náà òun gba ìwé òfin yìí, ó ní òun ò retí èyí tó dáa jù ú lọ, kò sì dá òun lójú pé kì í ṣe ìwé yìí ló dáa jù. Ká á lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní ìwé náà ló dáa jù, kò sì ní ìwé náà kọ́. Àléébù tóun rí, ó ní òun ti fi rúbọ fún ire ìlú, òun ò tíì sọ ẹyọ kan níta, inú ògiri yìí la bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n á kú sí. Ó wá ní kí gbogbo ẹni tó bá ṣì ní ẹ̀hónú bá òun ṣiyèméjì díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan yìí péré, sí àìlèṣàṣìṣe ara ẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Díẹ̀ o. Kò ní kí wọ́n yí èrò padà.

Ọgbọ́n kan ṣì kù tí mi ò rò pé pròfẹ́sọ̀ máa sọ fún yín, ó sì jẹ́ ti ẹ̀wẹ́ díẹ̀. Franklin dábàá bí wọ́n ṣe máa kọ ibi ìfọwọ́sí, pé gbogbo ìpínlẹ̀ tó wà níjòókòó ló fohùn ṣọ̀kan. Ìpínlẹ̀ ló wí, kò wí pé gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò gbà á lè fọwọ́ sí i kó ní òun kàn jẹ́rìí pé ìpínlẹ̀ òun gbà á ni. Kì í ṣe Franklin ló ro ó o, Gouverneur Morris (Gouverneur lorúkọ ẹ̀, kì í ṣe oyè), aṣojú kan láti Pennsylvania, ló gbé e kalẹ̀, James Madison, aṣojú láti Virginia tó ń kọ gbogbo ìjókòó sílẹ̀ ló tú u fó pé wọ́n dìídì fi sọ́wọ́ bàbá arúgbó kó lè rọrùn gbà.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́ tán. Orúkọ 39 ló wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn. Àwọn mẹ́ta tó wà níjòókòó lọ́jọ́ náà kọ̀ jálẹ̀: George Mason àti Edmund Randolph láti Virginia, Elbridge Gerry láti Massachusetts. Kí ọdún yẹn tó parí, ọ̀rọ̀ tó ní inú ògiri ló máa kú sí ti wà nínú ìwé ìròyìn Boston, Franklin fúnra ẹ̀ ló fi ẹ̀dà ránṣẹ́, àwọn alátakò sì gbá a mú, wọ́n ní ṣebí ẹ gbọ́, ẹni tó fọwọ́ sí i gan-an ní àléébù wà ńbẹ̀. Nítorí náà ìwọ náà ò jìnnà sí òótọ́, ọ̀rọ̀ tó mú àwọn èèyàn inú yàrá tún di igi tí ará ìta fi nà án. Kọ ìyẹn síbẹ̀, máàkì tìẹ á pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Mo rí i pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ Franklin yìí bí ẹni pé adùn nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ní 1787, ọkọ̀ òyìnbó ṣì ń kó èèyàn wa lọ ní etíkun yìí. Ṣé ó sọ nǹkan kan nípa wọn? Tí kò bá sọ ọ́, kí la fẹ́ fi adùn yẹn ṣe? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Kétu

Ìdáhùn: Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Kò sọ ọ́. Ẹ kà á látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí wọn níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ inú ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí yẹn kún fún wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ ka èèyàn láti mọ iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ kan máa ní, ẹrú márùn-ún ni wọ́n máa kà bí ẹni mẹ́ta, ọ̀gá wọn á fi wọ́n pọ̀ lójú òfin, àwọn ò sì ní dìbò. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ ò gbọ́dọ̀ fòfin de kíkó ẹrú wọlé títí di 1808. Wọ́n ní ẹrú tó bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ míì, kí wọ́n dá a padà fún olówó ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi "àwọn ẹlòmíì" àti "irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀" bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Franklin mọ̀. Òun náà ti ní ẹrú rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ nígbà tó di 1787 yẹn gan-an, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń jà kí ẹrú dópin ní Pennsylvania. Ẹgbẹ́ ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ó wá dé ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, ó ní òun rí àléébù, kò sọ èwo, ó ní òun fi rúbọ fún ire ìlú. Bàbá, ẹbọ yẹn, ta ni wọ́n fi rú u? Ó rọrùn kéèyàn yọ̀ǹda ohun tó ń dun ẹlòmíì. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ wọ́n ń pa làpálàpá, ẹ̀tẹ̀ náà sì jẹ wọ́n dé ibi tí wọ́n fi ń fi ìbọn bá ara wọn jà lẹ́yìn ọdún 70 ó lé díẹ̀.

Kí n má ṣe sọ ọ́ lódì sí i tán ṣá. Ní oṣù kejì 1790, nígbà tó ń ṣàìsàn, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fòpin sí oko ẹrú. Ilé ìgbìmọ̀ dáhùn pé ìwé òfin ò fún àwọn lágbára láti dá òwò ẹrú dúró kí ó tó di 1808. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe yí po, ìwé tóun fúnra ẹ̀ bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Oṣù kẹrin ọdún yẹn ló kú.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un o, torí àwọn ọmọ máa ń dà á pọ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn tiwa láti apá ibí, Brasil ni wọ́n kó wọn gbà, ìdí nìyẹn tí orúkọ Kétu yín ò fi parẹ́ lẹ́nu àwọn olórìṣà ní Bahia títí dòní, tí Àjàṣẹ́ náà sì ní mọ́ṣáláṣí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tó padà wá ló kọ́ ọ. Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ló jẹ gbèsè yìí. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ náà lọ, kí wọ́n kàn fi ìlà ìwé òfin mẹ́ta yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí tábìlì kan náà, kí wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá ibi tí Franklin ti kan ọ̀kankan nínú wọn.

Ìbéèrè: Bàbá mi àgbà máa ń sọ pé ọdún 1958 làwọn dìbò "wí" (oui, bẹ́ẹ̀ ni) fún ìwé òfin de Gaulle, tó ń ṣolórí ìjọba Faransé nígbà náà. Ṣé de Gaulle náà fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ wọ́n bíi Franklin ni? — Oníṣòwò, Àjàṣẹ́

Ìdáhùn: Ìrẹ̀lẹ̀ kẹ̀! Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o jàre.

Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 1958 ló sọ̀rọ̀ ní gbàgede République ní Paris. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ yẹn ni, torí ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 1870 ni wọ́n kéde ìjọba olómìnira ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní Faransé. Ó sọ ìtàn ìlú, ó ṣàlàyé ìwé òfin, ó wá parí ẹ̀ pé pẹ̀lú gbogbo ọkàn òun, lórúkọ Faransé, òun ní kí wọ́n dáhùn pé "Oui". Ìlà tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fọkàn sí: ó ní tẹ́ ẹ bá kọ̀, lọ́jọ́ náà gan-an la máa padà síbi ìṣìnà tẹ́ ẹ mọ̀. Franklin ní èmi lè ṣàṣìṣe. De Gaulle ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ̀yin lẹ máa jẹ̀bi.

Lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó dé Conakry, olú ìlú Guinea, Sékou Touré tó jẹ́ aṣáájú wọn níbẹ̀ sọ lójú ẹ̀ pé àwọn yan òṣì pẹ̀lú òmìnira ju ọrọ̀ pẹ̀lú oko ẹrú lọ. De Gaulle dáhùn pé òmìnira wà ńlẹ̀ fún Guinea, kí wọ́n kàn dìbò "Non" (rárá) lọ́jọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, Faransé ò ní dí wọn lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n á rí àyọrísí ẹ̀. Guinea nìkan ló dìbò "Non". Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá wọ́n gba òmìnira, àyọrísí náà sì dé lóòótọ́, Faransé kó àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ kúrò, ó dá owó ìrànwọ́ dúró. Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ nígbà náà, dìbò "wí", bàbá yín àgbà ò purọ́, ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 1960 ni tiwa tó dé.

Tó bá jẹ́ ìwé òfin Benin ti 1990, ti wa nìyẹn, ó yàtọ̀ sí méjèèjì. Kóńfẹ́ráǹsì ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ní Kutọnu, Mọnsẹ́ńyọ̀ Isidore de Souza, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kátólíìkì, ló darí ẹ̀, ìdìbò lórí ìwé òfin náà sì wáyé lọ́jọ́ 2 oṣù kejìlá. Mi ò lè fi ìpínrọ̀ kan tán ìyẹn, ó máa ní ọjọ́ tiẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹgbẹ́ àwa obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Ṣábẹ̀ la ṣe ìwé òfin tuntun, àwọn kan ò fẹ́ fọwọ́ sí i nítorí owó ìtanràn tá a kọ síbẹ̀ fún ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé. Ọmọ mi tó ń lọ sí lísè ní kí n lo ọ̀rọ̀ Franklin tẹ́ ẹ máa ń sọ. Ṣé á ṣiṣẹ́? — Ìyá ẹgbẹ́, Ṣábẹ̀

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́, iná ìdí agbada ò ní jó yín.

Á ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ẹ̀yin náà rí ibi tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ má kàn sọ pé àléébù wà ńbẹ̀ kẹ́ ẹ dákẹ́ bíi Franklin, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín á bi yín léèrè èwo ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní èsì. Ẹ dárúkọ ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtanràn yẹn náà ni kò tẹ́ ẹ̀yin lọ́rùn, ẹ sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́. Kí ẹni tó dàgbà jù nínú yín ló sọ ọ́, kì í ṣe akọ̀wé, torí akọ̀wé ni wọ́n máa rò pé ó kọ ọ́ fún àǹfààní ara ẹ̀.

Ẹ má ṣe ti Morris o. Tẹ́ ẹ bá kọ "gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan" nígbà táwọn kan kọ̀, tó bá dọ̀la wọ́n á ní irọ́ lẹ pa mọ́ àwọn, ẹgbẹ́ á tú ká nítorí ìlà kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà, ẹ kọ ti ẹni tí kò tíì gbà.

Ohun tí mo rò pé ó máa ràn yín lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ Franklin lọ ni ohun tí wọ́n ṣe ní Massachusetts ní oṣù kejì 1788, nígbà tí ìpínlẹ̀ náà ń dìbò bóyá kí wọ́n gba ìwé òfin Amẹ́ríkà yẹn. Ibẹ̀ náà, wọn ò rí ìbò tó pọ̀ tó, wọ́n wá ní ẹ jẹ́ ká gba ìwé òfin yìí báyìí, àmọ́ ká kọ àwọn àtúnṣe tá a fẹ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ìbò 187 ló gbà á, 168 ò gbà, wọ́n fi díẹ̀ yege. Àwọn ìpínlẹ̀ míì tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn, ní 1791 sì ni wọ́n fi àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ kún ìwé òfin náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀: kí wọ́n fọwọ́ sí i lónìí, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé kan náà pé ìlà ìtanràn máa padà wá síwájú ìpàdé lẹ́yìn ìkórè ẹ̀gẹ́, kẹ́ ẹ dá oṣù ẹ̀, kẹ́ ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo.

Tí wọ́n bá tún kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Màmá, ẹ dín ìtanràn yẹn kù. Ó lè jẹ́ pé ó pọ̀ jù lóòótọ́.